Sálúbàtà Tó Ṣẹ́kù Lẹ́nu Ọ̀nà Mọ́sálásí

Sálúbàtà kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára. Kò sí ẹni tó nílò láti sọ fún Àmúdà ohun tó jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán an. Òwú aláwọ̀ ewé ló fi rán etí rẹ̀ yí ká, èyí tó ṣẹ́kù nínú òwú aṣọ àwọn ọmọ iléèwé, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Òkè-Ọsàn tó ń fi irú òwú bẹ́ẹ̀ rán bàtà.

"Ta ló ni bàtà yìí?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Adétọ́lá bi í.

Àmúdà wo bàtà. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo Kọ́púrà Ọdúntán tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, tí ikùn rẹ̀ dí ìdajì ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà láti kékeré, ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sá lọ, ẹsẹ̀ á wá máa wò ó lẹ́yìn.

"Èmi ni mo ni ín, màdáàmù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo wọ̀ ọ́ débẹ̀."

"Bàtà dá rìn," ni Ọdúntán wí. "Bàbá télọ̀, ṣé Òṣogbo ni wọ́n ti ń ṣe irú ìyẹn?"

"Ọdúntán."

"Mo ti dákẹ́, màdáàmù."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò gùn. Òkè-Ọsàn kì í ṣe ìlú ńlá. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Òṣú lọ sí Iléṣà lè sín lẹ́ẹ̀mejì kó ti kọjá rẹ̀. Pọ́ńpù kan ṣoṣo ló ń fa omi láti inú kànga sínú táǹkì fún gbogbo ìlú. Lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí èèyàn kò rí ojúde ilé ara rẹ̀, ẹnìkan tú pọ́ńpù náà, ó gbé e lọ. Nehemiah, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì tí ìlú fi kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ńpù sí lọ́wọ́, ló débẹ̀ nírọ̀lẹ́ tó bá nọ́ọ̀tì mẹ́rin nílẹ̀, àti sálúbàtà kan tó rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló kéde rẹ̀. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn tó ti ń rin ìrìn odò láti ìdájí fi sálúbàtà náà kọ́ orí igi, wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Àmúdà. Ẹnìkan ń yí táyà bọ̀ lẹ́yìn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àmúdà ti ń ránṣọ fún wọn. Ó ti rán ti ìyàwó, ó ti rán ti òkú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó rántí orúkọ rẹ̀. "Ará Òṣogbo" ni wọ́n ń pè é.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn lọ dúró síwájú táyà náà, ó ní, "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń kọ pátákó mi. Ẹni tó bá ti mọ ohun tó yẹ ní kíkọ, kó bọ́ síwájú kó wá fọwọ́ sí i." Kò sẹ́ni tó bọ́ síwájú. Ó nawọ́ sí Mukhtar, ọlọ́kadà tó wà láàárín èrò, pé kó gbé Àmúdà lọ sí tésàn. Òun àti Ọdúntán gun alùpùpù ìjọba tẹ̀ lé wọn.

Pátákó yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba Àmúdà ju àtìmọ́lé lọ. Ó wà níwájú tésàn, lábẹ́ igi máńgòrò, pátákó dúdú bíi ti iléèwé. Ní gbogbo Mọ́ńdè, Ìnsípẹ́kítọ̀ á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́sẹ̀ tó kọjá síbẹ̀: ewúrẹ́ ta ló sọnù, fóònù ta ni wọ́n rí he, afárá wo ni kí ọlọ́kọ̀ má gbà, ẹjọ́ wo ló ti parí. Bó bá kọ ọ́ tán, á kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀wé. Ó ti tó ọdún méjì tó ti dé ìlú, kò sì tíì kọ ohun kan síbẹ̀ kó wá padà pa á rẹ́. Ohun tó bá ti wà lórí pátákó, àríyànjiyàn ti tán lórí rẹ̀. Tọkọtaya ń fi í parí ìjà.

Ìwé karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Àmúdà kà dé. Ó lè ka orúkọ ara rẹ̀. Bó ṣe jókòó síwájú bàtà yẹn, ó ń rò ó pé bóyá ì bá sàn kí òun má lè kà á.

"Lọ́sàn-án Sátidé, níbo lẹ wà, bàbá?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ta ló rí yín?"

"Òjò ń rọ̀, màdáàmù. Ta ló máa jáde?"

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Sikirat wà ní Òkè-Baálẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ̀yin nìkan, nínú òjò, kò sí ẹlẹ́rìí." Ó kọ ọ́. "Ó dára."

Àmúdà kò rí ohun tó dára nínú rẹ̀.

"Báwo wá ni bàtà yín ṣe dé ilé pọ́ńpù?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò fẹ́ sọ, nítorí ó mọ bí yóò ṣe rí létí. "Kò sí lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ Jimọ̀. A kírun tán, mo jáde, mi ò bá a lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí."

Ọdúntán fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Olè tó ń kírun."

"Kì í ṣe olè," ni Àmúdà dáhùn. Ó ya òun alára lẹ́nu. "Àṣìṣe ni. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Bàtà á ti pọ̀ nílẹ̀, èèyàn á máa kánjú, kò ní wolẹ̀. Ẹsẹ̀ á kàn wọ èyí tó bá bá pàdé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, bàtà rẹ̀ ló fi ń wọ ilé Ọlọ́run. "Ẹ sọ ọ́ yé mi. Bí ẹnìkan bá ti wọ tiyín lọ, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Èèyàn á dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí gbogbo èrò lọ tán. Èyí tó bá ṣẹ́kù nílẹ̀, ti ẹni tó wọ tèèyàn lọ nìyẹn. Èèyàn á wọ̀ ọ́ relé. Tó bá di Jimọ̀ mìíràn, kálukú á wọ ti ẹnìkejì wá, a ó fi ara wa rẹ́rìn-ín, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tán."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi wá fi tó wa létí."

"Èmi? Kí n wá sí tésàn nítorí bàtà?"

Kò sọ ìyókù jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mùstàfá, lọ sí tésàn kan nígbà kan rí, ní ìlú tó jìnnà sí ibí, láti lọ sọ pé kẹ̀kẹ́ òun sọnù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni kò fi padà wálé. Láti ìgbà náà, bí Àmúdà bá rí aṣọ dúdú ọlọ́pàá lápá ọ̀tún, apá òsì ni yóò yà sí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣí ìwé gbàǹgbà kan. "Ọjọ́ kẹta oṣù yìí, Yèyé Ìmísíolúwa wá sọ fún wa pé ọmọrí ìkòkò òun sọnù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹfà, wọ́n rí i lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Mo kọ ìyẹn náà." Ó pa ìwé dé. "Tésàn kì í ṣe ilé olè nìkan, bàbá. Ilé ohun tó sọnù ni."

Ó tẹjú mọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń béèrè omi mímu:

"Èyí tó ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Níbo ló wà?"

Àmúdà wo abẹ́ tábìlì.

"Ó wà lẹ́sẹ̀ mi."

Láti àárọ̀, kò sí ẹnìkan nínú gbogbo èrò yẹn tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí igi ni gbogbo ojú wà.

Ó bọ́ ọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlẹ́rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín lé e."

Gìgísẹ̀ Àmúdà yọ sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka méjì.

"Ó kéré sí yín."

"Láti ọjọ́ Jimọ̀ ni gìgísẹ̀ ti ń dùn mí."

"Ọdúntán, nínú ẹrẹ̀, bàtà wo ló máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn?"

"Èyí tó bá tóbi jù ú."

"Bàtà tí bàbá yìí fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé yóò bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kí ìlú wá he é?"

Ọdúntán họ orí. Ó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé.

Nǹkan kan tú díẹ̀ láyà Àmúdà. Ìnsípẹ́kítọ̀ rí i lójú rẹ̀, ó na ìka kan sókè. "Ẹ má tíì mí, bàbá. Ẹni tó gbọ́n lè wá bàtà tó há wọ̀ láti fi tàn mí jẹ. Ọ̀rọ̀ ṣì kù."

Nehemiah wọlé, kò dúró kí wọ́n ní kó jókòó. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ ló máa ń gbé orin ṣọ́ọ̀ṣì dúró.

"Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè lójú yín. Àmúdà, kí ni ìlú yìí fi ṣe ọ́? Ìwọ lo rán kóòtù ìgbéyàwó mi."

"Ẹ jókòó, bàbá alàgbà," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Mo lọ wo ilé pọ́ńpù lánàá. Àgádágodo yẹn kò já, kò sì tẹ̀. Kò sí àpá lára ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló ní?"

"Ẹyọ kan."

"Ọwọ́ ta ló wà?"

"Ọwọ́ mi ni."

Ọdúntán rọra sún mọ́ ẹ̀yìn àga Nehemiah. Àmúdà ń wò. Ó rò ó lọ́kàn pé, áà, òun rèé. Òun ló gbé e, òun náà ló fi bàtà mi síbẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà dáadáa kó lè rí olè. Ohun tó rí níbẹ̀ kì í ṣe olè. Ẹ̀rù ni. Àmúdà kì í ṣi ẹ̀rù mọ̀. Ó ti ń bá a gbélé tipẹ́.

"Mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn," ni Nehemiah wí. Ohùn tó ń gbé orin dúró ti di ti ọmọdé. "Mo ṣí i láti wo omi, àwọn akọrin pè mí fún ìdánrawò. Òjò ti ṣú. Mo ní mò ń bọ̀ kíákíá. Mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú àgádágodo títí òjò fi dá."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì? Tí kò sí omi nílé ẹnikẹ́ni?" Ó nu ojú. "Nígbà tí mo wá rí bàtà yẹn nínú ẹrẹ̀, mo dúpẹ́. Ọlọ́run ló mọ̀, màdáàmù, mo dúpẹ́ pé ẹlòmíràn wà tí wọ́n máa bi léèrè."

Kò lè wo Àmúdà. Àmúdà náà kò wò ó.

Àmọ́ ojú Ìnsípẹ́kítọ̀ ti tàn. Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀.

"Ẹ fún mi ní nǹkan ńlá, bàbá alàgbà. Ẹni tó gbé pọ́ńpù kò múra olè wá. Ta ló mọ̀ pé ẹ máa gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Ó ń kọjá lọ ni, òjò ń pa á, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó yà síbẹ̀. Nígbà tó dé inú ilé ni ojú rẹ̀ bọ́ sára pọ́ńpù. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló tú. Ọwọ́ lásán kò lè tú u. Ta ló ń gbé sípánà kiri nínú òjò, tó sì ní ohun tó lè fi gbé ẹrù wúwo lọ kí ẹnikẹ́ni má bi í léèrè?"

"Ọlọ́kadà," ni Ọdúntán sọ. "Abẹ́ ìjókòó ni sípánà wa máa ń wà."

"Gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ wá."

Ọdúntán gbé bàtà ọlọ́pàá rẹ̀ sórí àga pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí ó ń kùn ún láràárọ̀. Ní òkè, níbi ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú kan wà tó ti ha, tó dúdú, tí kíkùn kò bò mọ́.

"Kí ló ṣe é níbẹ̀?"

"Jíà ni. Abẹ́ rẹ̀ la máa ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ láti fi gbé e sókè. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni."

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú sálúbàtà tó ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ti ẹsẹ̀ òsì. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ọdúntán. Awọ òkè rẹ̀ ha, ó dúdú, lójú kan náà gẹ́lẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, mọ́ bí ojú ọmọ tuntun.

Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ń wọ bàtà yìí. Ó ti bọ́ ọ, ó ti wọ̀ ọ́, ó ti gbọn erùpẹ̀ rẹ̀. Òun tó ń fi ojú rẹ̀ jẹun, tó ń rí abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sínú kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ látìgbà yìí, kò sì kà á. Obìnrin yìí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

"Ọlọ́kadà mélòó ló ń kírun Jimọ̀ ní mọ́sálásí yín, bàbá?"

"Méjì ni." Ó sì dákẹ́.

Nítorí ó ti rántí. Láàárọ̀, lẹ́yìn ọ̀kadà, ìtìjú kò jẹ́ kó gbójú sókè. Ẹsẹ̀ Mukhtar ló ń wò títí wọ́n fi dé. Sálúbàtà rọ́bà pupa ni Mukhtar wọ̀, tuntun, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjà ṣì wà lára rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, Mukhtar kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó dì í mú. Kò tíì tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi bàtà kan sọ òun di olè. Ṣé òun náà ni yóò wá fi bàtà mìíràn sọ ọmọ ẹlòmíràn di olè? Bó bá jẹ́ pé bàtà àtijọ́ rẹ̀ ló já ńkọ́?

Ìnsípẹ́kítọ̀ ń wò ó. "Mi ò ní kí ẹ dárúkọ ẹnikẹ́ni, bàbá. Orúkọ tí èèyàn fi ẹ̀rù pè kì í pẹ́ lórí pátákó mi. Èmi náà mọ àwọn méjèèjì. Waliyullah ni ọ̀kan, èyí ò lè gba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta. Ó ku ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò tó. Mo fẹ́ kí gbogbo ojú rí i." Ó yíjú. "Ọdúntán, fọ ilẹ̀ tésàn."

"Màdáàmù, mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀."

"Kò mọ́."

Ọdúntán wo ilẹ̀ tó ń dán. Ó mí kanlẹ̀, ó lọ bu omi díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ike.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, gbogbo ẹni tó wà ní tésàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ti Nehemiah wà níbẹ̀, ti Ọdúntán wà níbẹ̀. Wọ́n pe Mukhtar láti abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí èrò ti ń retí aago mẹ́rin, pé kó wá fọwọ́ sí i pé òun ló gbé Àmúdà wá. Ó bọ́ rọ́bà pupa rẹ̀, ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lọ́jọ́ Jimọ̀, orí ìlà ìkírun kan náà ni òun àti Àmúdà wà.

"Báwo ni ọ̀kadà rẹ?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Ó ń kú lọ, màdáàmù. Ẹ́ńjìnnì fẹ́ dákẹ́. Àdúrà ló ń gbé e."

"Ọlọ́run á pèsè. Fọwọ́ sí ibí. Rárá, ìsàlẹ̀. Kọ déètì sí i."

Àmúdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò wọ bàtà. Ó rí Ọdúntán tó yọ́ jáde, tó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ apá. Ó rí i tó tẹ̀ba lẹ́nu ọ̀nà, tó sì nà dúró. Kò mọ ohun tó ṣe níbẹ̀.

Ohùn Ọdúntán wá láti ìta. "Mukhtar, èrò Iléṣà méjì rèé o. Bí o ò bá jáde, Waliyullah ti ń gbé wọn lọ."

Mukhtar ju bírò sílẹ̀. Ó fò jáde, ojú rẹ̀ wà lójú títì, ó ń pariwo pé òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá bàtà fúnra rẹ̀. Ó rí i. Ó wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ́, bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀ lókùnkùn tí kò kọsẹ̀. Ó sáré dé ìdí ọ̀kadà, ó gùn ún, ó tẹ̀ ẹ́, ó jí. Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ abẹ́ jíà.

Níbẹ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ ti sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Kò gbé ohùn sókè.

"Mukhtar. Bàtà ta lo wọ̀?"

Ó wolẹ̀. Gbogbo èrò wolẹ̀. Rọ́bà pupa kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ Ọdúntán. Sálúbàtà àtijọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ Mukhtar, gìgísẹ̀ rẹ̀ bá etí rẹ̀ mu régé, irin jíà sì jókòó sórí ojú dúdú yẹn bí ọmọrí lórí ìkòkò.

"Bí o bá ní kì í ṣe tìrẹ, wò bó ṣe gbà ọ́. Bí o bá ní tìrẹ ni, ẹsẹ̀ Àmúdà ló wà láti ọjọ́ Jimọ̀. Bàtà ta ni ìwọ wá wọ̀ relé lọ́jọ́ Jimọ̀? Bàtà ta lo wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

Ẹ́ńjìnnì ń kùn. Ó pẹ́ kí Mukhtar tó pa á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìjókòó ọ̀kadà, ó mú sálúbàtà òsì kan jáde, olówùú aláwọ̀ ewé, tó nù mọ́ tónítóní.

"Awọ dáadáa ni," ló wí. "Ọkàn mi ò gbà kí n jù ú nù."

Pọ́ńpù wà ní yàrá rẹ̀, lábẹ́ àpò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ì bá gbé e lọ sí Iléṣà, kó lè ra ẹ́ńjìnnì. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó bi í.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ti àárọ̀ náà. Wọ́n tún ti ń yí táyà yẹn bọ̀. Àmúdà kò mọ ìgbà tó jáde. Ohun tó mọ̀ ni pé ilẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, pé òun dúró láàárín táyà àti Mukhtar, òun ò sì kúrò.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wá dúró tì í. "Ọdúntán, kọ ọ́ sínú ìwé: táyà kan. Ta ni ká kọ pé ó ni ín?"

Táyà náà ṣubú lulẹ̀. Kò lólúwa mọ́.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, gbogbo Òkè-Ọsàn ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Àmúdà dúró lẹ́yìn pátápátá, níbi tó ti rọrùn láti lọ. Wọ́n ti ní kó máa lọ sílé, ṣùgbọ́n kò tíì lọ. Ọwọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ ń lọ lójú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ń ké. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wọn tó kà á.

"Pọ́ńpù ìlú tó sọnù lọ́jọ́ Sátidé: a ti rí i. Wọ́n ti ń dè é padà.

"Ẹnìkan wà lọ́wọ́ wa lórí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni yóò sọ ohun tó jẹ́, kì í ṣe pátákó yìí.

"Ẹni tí a bá fi kọ́kọ́rọ́ ìlú sí lọ́wọ́, kó má fi í sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, bí ó ti wù kí òjò ṣú tó.

"Táyà kan wà ní tésàn. Ẹni tó ni ín, kó wá ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe."

Àwọn kan wo ilẹ̀. Nehemiah bọ́ fìlà. Ìlà kan ṣì kù nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n Ìnsípẹ́kítọ̀ kò kà á. Ó ń wo ẹ̀yìn èrò, ó ń dúró.

Àmúdà rí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mú ìkejì, ó mú ìkẹta, bí ó ṣe ń tẹ̀ lé ojú abẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ya sọ́tùn-ún sósì kó lè rí i dáadáa. Láìpẹ́, kò sí ohùn mìíràn lábẹ́ igi náà.

"Àmúdà… télọ̀. Sálúbàtà rẹ̀ sọnù… lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí… lọ́jọ́ Jimọ̀. A ti rí i. Méjèèjì. Kó wá… gbà á."

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ara rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

Ó rìn gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un. Ó gun àtẹ̀gùn tésàn, ẹnikẹ́ni kò tì í lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò fà á níwájú. Ọdúntán ti jókòó sídìí tábìlì, ó ti ya fọ́tò bàtà méjèèjì, ó ti gbọn ẹrẹ̀ dànù lára rẹ̀, ó sì ti ṣí ìwé gbàǹgbà. Ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Kí la lè ṣe fún yín?"

Àmúdà na ọwọ́ méjèèjì.

"Mo wá gba bàtà mi."